Vasbert Skeete, Alágbàfọ̀ Half Moon Fort

Ọjọ́ tí Vasbert Skeete kọ́kọ́ wọ ṣòkòtò funfun dé pápá kírikẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa gbogbo abúlé Half Moon Fort ní erékùṣù Barbados. Ṣòkòtò náà kì í ṣe tirẹ̀. Ti alábòójútó oko ìrèké tí ìyá rẹ̀ ń fọṣọ fún ni, ọkùnrin kan tí ikùn rẹ̀ tó àgbá. Nígbà tí aṣọ náà gbó, tí wọ́n ní kí ìyá kó o dànù, kò kó o dànù. Ó gé ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ká ìdí rẹ̀ pọ̀, ó wá fi okùn ọkọ̀ ẹja so ó mọ́ ọmọ rẹ̀ nídìí. Bí Vasbert bá sáré wá láti ju bọ́ọ̀lù, afẹ́fẹ́ òkun á kó sínú ṣòkòtò, á wú bí ìgbòkun.

Clement Gollop ló máa ń dúró lẹ́yìn igi mẹ́ta láti mú bọ́ọ̀lù, òun náà sì ni ẹnu rẹ̀ kì í sinmi jù nínú ẹgbẹ́ abúlé náà. Ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó sọ fún ẹni tó di pátákó mú pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní sùúrù o. Bọ́ọ̀lù ti ń dé, ṣòkòtò ló ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn."

Kí ọkùnrin náà tó rẹ́rìn-ín tán, igi àárín ti ṣubú. Mẹ́fà nínú àwọn ará Checker Hall, abúlé tí wọ́n ń bá figagbága, ni Vasbert lé kúrò lórí pápá lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ti ẹni tó gbẹ̀yìn kò kan igi rárá. Ó gbá bọ́ọ̀lù sókè ni, Vasbert sì sá tẹ̀ lé e, ó fò, ó nà gbalaja sórí koríko, bọ́ọ̀lù sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ láìkanlẹ̀, ẹni tó gbá a sì ti jáde nìyẹn. Wọ́n gbé e lé èjìká dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn. Ìyá rẹ̀ kò béèrè ẹni tó borí. Ó yí ọmọ náà po lẹ́ẹ̀kan, ó wo orúnkún ṣòkòtò tó ti di àwọ̀ ewé, ó ní, "Bọ́ọ̀lù yẹn, tó o bá fi í sílẹ̀, ṣé kò ní bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ni?"

Adina Skeete ni orúkọ ìyá náà. Ọkọ rẹ̀ ti bá ọkọ̀ lọ sí Trinidad láti lọ ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń wa epo, ó kọ̀wé díẹ̀, ó sì dákẹ́. Adina kò sunkún pẹ́. Ó gbé ọpọ́n sábẹ́ igi gbẹ̀rẹ̀fútù tó wà lẹ́yìnkùlé, ó ń fọ aṣọ àwọn ará ilé ńlá, ti àlùfáà, ti ọlọ́pàá, àti aṣọ tábìlì àwọn òtẹ́ẹ̀lì tó ń hù bí olú létí òkun. Aṣọ tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde máa ń funfun débi pé ẹ̀rù á bà ọ́ láti jókòó tì í. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí Vasbert fọwọ́ kan ọpọ́n láé. Bí ọmọ bá ní kí òun bá a fún aṣọ, á ní kó lọ kàwé, tàbí kó lọ ju bọ́ọ̀lù, tàbí kó tiẹ̀ lọ sùn, kó ṣáà má fọwọ́ bọ ọṣẹ. Ó máa ń sọ pé ọwọ́ tòun nìkan ti tó fún ọṣẹ nínú ìran àwọn.

Ọmọ náà gbọ́rọ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ kàwé, ṣùgbọ́n ó ju bọ́ọ̀lù. Ó jù ú lórí iyanrìn etí òkun, ó jù ú fún abúlé, ó jù ú fún gbogbo agbègbè Saint Lucy. Ó pẹ́ kí àwọn tó ń yan ẹgbẹ́ Barbados tó gbúròó rẹ̀, nítorí lójú àwọn ará Bridgetown, olú ìlú wọn, ẹja àti ìrèké nìkan ló ń ti àríwá wá. Nígbà tí wọ́n pè é, ó ti di ọkùnrin gíga, tẹ́ẹ́rẹ́, tó lè ju bọ́ọ̀lù láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ láìmí hẹlẹ. Kì í ṣe pé bọ́ọ̀lù rẹ̀ yára jù. Àwọn kan wà tí tiwọn ń já bọ̀ bí ọta ìbọn. Tirẹ̀ máa ń bọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ bí àlejò tó mọ̀wàá hù, tó bá wá kù díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ ló máa tó yà bàrá.

Adina kò lọ wo eré rí títí di ọjọ́ tí Barbados kojú Jamaica ní pápá Kensington ní Bridgetown. Gollop ló bẹ̀ ẹ́ títí, ó sì bá a wọ bọ́ọ̀sì láti àríwá, ó gbé agboòrùn rẹ̀ dání bí ìránṣẹ́ ọba. Nígbà tó dọ̀sán, ará Jamaica kan gbá bọ́ọ̀lù kan tí gbogbo èèyàn gbà pé yóò kọjá ààlà. Vasbert sá tẹ̀ lé e láti ọ̀nà jíjìn, ó ta ara rẹ̀ sílẹ̀ bí ìgbà téèyàn fẹ́ lúwẹ̀ẹ́, ó sì fi ọwọ́ kan mú un níbi tó kù díẹ̀ kó kanlẹ̀. Gbogbo pápá dìde. Àwọn ọkùnrin ń ju fìlà sókè. Adina nìkan ló jókòó, tó ń mi orí.

Obìnrin kan tó jókòó tì í béèrè bóyá ó mọ ọmọ náà ni. Adina ní, "Ọmọ mi ni. Èmi náà ni mo máa fọ ṣòkòtò yẹn."

Láti ọjọ́ yẹn lọ, ọdún mẹ́rin gbáko ni Vasbert fi bá Barbados ṣeré, kò sì sí erékùṣù tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí kò bọ́ sí i lọ́wọ́ ni ẹgbẹ́ àpapọ̀ gbogbo erékùṣù. Bí ọjọ́ tí wọ́n máa kéde orúkọ bá ti pé, gbogbo Half Moon Fort á péjọ síwájú rédíò ilé ọtí, wọ́n á sì dákẹ́ bí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n á ka orúkọ títí, wọn ò ní ka Skeete. Nígbà kejì tó ṣẹlẹ̀, Gollop sọ fún un pé ó jọ pé rédíò yẹn kì í gbọ́ ìròyìn àríwá dáadáa. Vasbert rẹ́rìn-ín nítorí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì rìn lọ sí etí òkun ní òun nìkan, kò tètè padà.

Ọdún yẹn náà ni ẹgbẹ́ kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ránṣẹ́ pè é. Harden Clough ni wọ́n ń pe ìlú náà, ìlú aláṣọ híhun tí òkè yí ká. Gbogbo àwọn tó ń ṣeré níbẹ̀ ló ní iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n ń ṣe jẹun. Apẹran wà nínú wọn, olùkọ́ wà, aṣọ́bodè wà. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń sanwó fún kó wá fi eré ṣe iṣẹ́, ẹni yẹn sì gbọ́dọ̀ ju bọ́ọ̀lù, kó gbá a, kó mú un, bí wọ́n bá sì fìdí rẹmi, òun ni wọ́n máa bú. Vasbert dé ibẹ̀ nígbà tí wọ́n ní òtútù ti lọ. Ó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, ó mí èémí kan, èémí náà jáde lẹ́nu rẹ̀ bí èéfín. Ó kọ̀wé sí ìyá rẹ̀ pé bí òtútù bá ti lọ lóòótọ́, òun kò fẹ́ pàdé rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá padà wá.

Sátidé àkọ́kọ́, ọwọ́ rẹ̀ kú tó bẹ́ẹ̀ tí kò mọ ìgbà tí bọ́ọ̀lù kúrò níbẹ̀. Bàbá arúgbó kan tó máa ń jókòó lẹ́bàá ògiri kígbe pé ṣé torí irú eléyìí làwọn ṣe rán ọkọ̀ lọ sókè òkun. Nígbà tó di ìparí oṣù kejì, bàbá kan náà ló ń fi fìlà rẹ̀ gba owó kiri láàárín èrò fún un, gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn tí ẹni tí wọ́n háyà bá ṣe bẹbẹ. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn ọmọdé a máa farawé bó ṣe ń sáré, apẹran a máa kó ìfun ẹran wá fún un torí ó gbọ́ pé wọ́n ń ṣe é jẹ ní Barbados.

Ilé opó kan tí wọ́n ń pè ní Mísìsì Entwistle ló ń gbé. Obìnrin náà ní ilé ìfọṣọ lẹ́yìn ilé rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ ńláńlá tí ń yí aṣọ po, tí ń fún un, tí ooru rẹ̀ sì ń rú bí ìkòkò àṣáró. Ilé ìfọṣọ yẹn nìkan ni ibi tó gbóná ní gbogbo Harden Clough. Òjò sì máa ń rọ̀ níbẹ̀ bíi pé wọ́n bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Bó bá ti rọ̀, eré ò sí. Ọjọ́ òjò kìíní, Vasbert wọlé síbẹ̀ láti yá ooru. Ọjọ́ kejì, ó bá wọn gbé agbọ̀n. Kí ọdún náà tó parí, ó ti mọ ìwọ̀n ọṣẹ, ó mọ irú omi tí ń yọ ẹ̀jẹ̀ àti irú èyí tí ń yọ ọ̀rá, ó sì lè lọ ṣẹ́ẹ̀tì kí Mísìsì Entwistle tó mu tíì rẹ̀ tán. Ó ń kọ ohun gbogbo sí ìyá rẹ̀, òjò, òkè, bàbá oníwàhálà ẹ̀bá ògiri, ṣùgbọ́n kò kọ ti ilé ìfọṣọ.

Bí ìgbà òtútù bá ti dé, á wá sílé. Ọ̀kan nínú àwọn ìgbà tó wálé yẹn ló fẹ́ Ianthe Blenman, aránṣọ kan ní ìlú Speightstown, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ tó bá ti sọ ọ́, ó ti parí. Ianthe bá a padà lọ. Vasbert fẹ́ràn ẹ̀rọ, Ianthe fẹ́ràn bí òwò náà ṣe ń lọ: bí wọ́n ṣe ń bá òtẹ́ẹ̀lì dá àdéhùn, bí wọ́n ṣe ń sàmì sí aṣọ kí ti ẹnì kan má bàa bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á jókòó sídìí iná, wọ́n á máa wí pé irú ilé báyìí ì bá dára létí òkun tiwọn, níbi tí oòrùn wà lọ́fẹ̀ẹ́.

Nígbà tó yá, orúnkún ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ó kọ́kọ́ ń dùn ní òwúrọ̀ nìkan, ó wá ń dùn látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Dókítà ní kó fi eré sílẹ̀. Ó ṣe ọdún kan sí i torí agídí. Lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn, ó sáré wá láti ju bọ́ọ̀lù, orúnkún náà sì yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Apẹran ló gbé e kúrò lórí pápá bí ìgbà téèyàn gbé itan màlúù. Àwọn èèyàn dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ nínú òjò wínníwínní, bàbá ẹ̀bá ògiri sì bọ́ fìlà rẹ̀ sọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n ń dágbére, Mísìsì Entwistle sọ fún un pé kó má banú jẹ́, ọkùnrin tó bá mọ bí a ṣe ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì, ebi ò lè pa á.

Nígbà tí òun àti Ianthe padà sí Barbados, ọ̀nà méjì ló kọ́kọ́ gbà wá oúnjẹ òòjọ́. Ó ra ọkọ̀ ẹja, torí gbogbo èèyàn ní ọmọ Half Moon Fort tí kò bá ṣeré, ẹja ni yóò pa. Kò sẹ́ni tó rántí pé láti kékeré ni òkun ti máa ń kọ́ ọ lóòyì. Ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ jáde, òun ló dùbúlẹ̀ nínú ọkọ̀ ju ẹja lọ. Gollop, tó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ nígbà yẹn, ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá gbórí kalẹ̀ pé Skeete ti ń fún ẹja ní oúnjẹ lójoojúmọ́, ẹja ò sì tíì fún un ní nǹkan kan. Vasbert ta ọkọ̀ náà. Ó wá ṣí ìsọ̀ kan níbi tó ti ń ta pátákó, bọ́ọ̀lù àti bàtà. Èrò ń wọ ìsọ̀ náà bí omi. Gbogbo wọn ló fẹ́ gbọ́ ìtàn Kensington, gbogbo wọn ló jẹ́ ọmọ ẹnìkan tí Vasbert bá ṣeré rí, kò sì mọ bí a ṣe ń gba owó lọ́wọ́ ọmọ ọ̀rẹ́. Ianthe wò ó títí, ó ti ilẹ̀kùn ìsọ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní, "Vasbert, ìwọ ò lè ta nǹkan tó o fẹ́ràn. Jẹ́ ká ta iṣẹ́ ọwọ́ ẹ."

Báyìí ni wọ́n ṣe kọ̀wé sí Mísìsì Entwistle, tó bá wọn wá ẹ̀rọ ìfọṣọ méjì tí wọ́n ti lò, ó sì fi wọ́n sínú ọkọ̀ òkun. Ó wá ku kí wọ́n sọ fún Adina.

Adina ń kó aṣọ lórí okùn nígbà tí ọmọ rẹ̀ sọ ọ́. Ó ń ká aṣọ náà lọ, kò dáwọ́ dúró. Nígbà tó ká a tán, ó bi í pé, "Ìwọ ni wọ́n dìde fún ní Kensington, àbí ẹlòmíì ni?"

"Èmi ni, Màámi."

"Ìwọ náà lo tún fẹ́ máa fọ pátá àlejò."

"Màámi, ẹ̀rọ ni. Mo ti ń ṣe é lọ́hùn-ún láti ọdún tí mo ti dé ibẹ̀."

Ohun tó dun ìyá jù nìyẹn, pé gbogbo lẹ́tà tó ń gbà, tó ń fi sábẹ́ ìrọ̀rí, ọṣẹ wà nínú wọn kò sì mọ̀. Ó ní òun kò tẹ̀ba síwájú ọpọ́n láti ìgbà èwe òun kí ọmọ òun tún lè wá gbé ọpọ́n tó tóbi jù ú lọ. Ó wọlé lọ, ó sì pa ilẹ̀kùn dé. Oúnjẹ tí Ianthe bá gbé wá, á gbà, á dúpẹ́. Ṣùgbọ́n Vasbert, bó bá kí i, "Ẹ káàárọ̀" náà ló máa dá a lóhùn bí ẹni tó ń kí àlejò.

Wọ́n ṣí ilé ìfọṣọ náà, wọ́n kọ SKEETE gàdàgbà sára ògiri. Àwọn ará abúlé fi ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀. Ẹni tó ti fi bọ́ọ̀lù lé ará Jamaica jáde, wọ́n ní ìdọ̀tí ló kù tó ń lé jáde. Vasbert kò bínú. Ó ní ìdọ̀tí kì í bá rẹfirí jiyàn. Òtẹ́ẹ̀lì kan ní etí òkun Saint Peter fún wọn ní aṣọ ibùsùn láti fọ̀, nǹkan sì ń lọ dáadáa títí di ọjọ́ Jímọ̀ kan tí Vasbert ṣí ẹ̀rọ, tó rí i pé gbogbo aṣọ ibùsùn òtẹ́ẹ̀lì ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ Òyìnbó tó sùn sínú oòrùn. Nísàlẹ̀ ẹ̀rọ ni ó ti bá fìlà pupa ẹgbẹ́ Harden Clough, èyí tó máa ń dé nídìí iṣẹ́. Ó ti bọ́ sínú ẹ̀rọ nígbà tó tẹ̀ba.

Ianthe ní kí àwọn má fi pamọ́. Vasbert wọ ọkọ̀ lọ bá Mísìsì Inniss, obìnrin tó ń bójú tó yàrá òtẹ́ẹ̀lì náà, ó rò fún un bó ṣe rí. Mísìsì Inniss gbọ́ ọ délẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni Skeete, mo wà ní Kensington lọ́jọ́ tẹ́ ẹ mú bọ́ọ̀lù yẹn. Àmọ́ tí aṣọ mi ò bá funfun nírọ̀lẹ́ ọ̀la, mi ò mọ̀ yín rí."

Kó tó padà délé, ìròyìn ti gba gbogbo abúlé. Gollop fi irun oníbàárà kan sílẹ̀ láàbọ̀, ó sáré lọ sọ fún Adina pé kó wá wo aṣọ ibùsùn òtẹ́ẹ̀lì tí Vasbert ti sọ di aṣọ ìyàwó pupa. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí ilé ìfọṣọ náà, Adina kò dé ibẹ̀ rí. Lọ́sàn-án yẹn, ó wọlé láìkan ilẹ̀kùn, ó fi ìka méjì gbé aṣọ kan sókè.

"Ta ló pa ẹran sínú èyí?" ló béèrè.

Ó wo orúkọ tó wà lára ògiri, ó ní orúkọ òun náà nìyẹn, aṣọ pupa kò sì tíì tọwọ́ òun jáde rí. Ó ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè. Ó ní kí wọ́n fi ọṣẹ ra gbogbo rẹ̀, kí wọ́n má ṣe ṣan án, tí ilẹ̀ bá ti mọ́ kí wọ́n tẹ́ wọn sórí koríko nínú oòrùn, kí wọ́n máa wọ́n omi sí wọn bí wọ́n bá ti ń gbẹ. Oòrùn ni yóò jẹ àwọ̀ náà. Ianthe béèrè ibi tí wọ́n ti máa rí koríko tó mọ́, tó tún gbòòrò tó bẹ́ẹ̀. Kò sí ibòmíràn àfi pápá kírikẹ́ẹ̀tì.

Nígbà tí ọkọ̀ ẹgbẹ́ Connell Town dé láàárọ̀ Sátidé láti wá bá Half Moon Fort figagbága, aṣọ ibùsùn ti bo pápá láti ààlà dé ààlà. Àárín rẹ̀ ni Adina wà, ó gbé korobá dání, ó ń wọ́n omi bí ẹni ń bomi rin ọgbà. Kápúténì Connell Town bọ́ sílẹ̀, ó béèrè lọ́wọ́ Gollop, tó jẹ́ kápúténì ẹgbẹ́ abúlé nígbà yẹn, pé ṣé eré ni wọ́n pe àwọn wá ṣe àbí wọ́n fẹ́ tẹ́ àwọn sùn. Gollop ní kó lọ béèrè lọ́wọ́ ìyá tó ni pápá. Ọkùnrin náà gbé ẹsẹ̀ kan lé orí koríko.

Adina kò gbé ojú sókè. Ó ní, "Bọ́ bàtà yẹn kó o tó wọlé sórí bẹ́ẹ̀dì oníbẹ́ẹ̀dì. Tàbí kó o jókòó. Oòrùn ò tíì ṣetán."

Wọ́n jókòó. Kí ni wọ́n máa ṣe? Ianthe gbé iná kalẹ̀ lábẹ́ igi, ó ń dín àkàrà ẹja, ó bu mọ́bì tútù fún wọn, omi èèpo igi sísè tó korò díẹ̀ tó sì ń dùn lẹ́yìn ọ̀fun. Àwọn ọkùnrin wọ aṣọ funfun jókòó láti ìhín dé ọ̀hún, wọ́n ń wo aṣọ funfun tó dùbúlẹ̀ lórí koríko, wọ́n ń ta tẹ́tẹ́ lórí bóyá apá òsì ló máa kọ́kọ́ mọ́ tàbí apá ọ̀tún. Rẹfirí náà dá sí i. Díẹ̀díẹ̀, oòrùn ń mu àwọ̀ pupa náà. Nígbà tó fi di ọ̀sán gangan, ó ṣòro láti wò ó láìṣẹ́jú. Ariwo tí wọ́n pa nígbà tí Adina gbé aṣọ kan sókè tó mi orí pé ó ti tó, kò sí ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ gba irú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn ará Connell Town bọ́ bàtà wọn, wọ́n bọ́ sórí pápá ní méjìméjì, wọ́n ń bá wọn ká aṣọ.

Vasbert àti ìyá rẹ̀ ni wọ́n jọ ká èyí tó gbẹ̀yìn. Ìyá di etí kan mú, ọmọ di èkejì, wọ́n ń sún mọ́ra, wọ́n ń jìnnà síra.

"Ẹ̀rọ yẹn," Adina bẹ̀rẹ̀, "tó bá ń fọṣọ, èèyàn ò ní tẹ̀ba?"

"Kò sí ìtẹ̀ba, Màámi. Ẹ máa dúró ni. Ẹ lè jókòó pàápàá."

"Ọwọ́ ńkọ́? Àwọn tó ń fi ṣiṣẹ́, ṣé awọ ọwọ́ wọn kì í bó?"

"Kì í bó. Ianthe ti ń ṣe é látọjọ́ yìí. Ẹ wo ọwọ́ ẹ̀."

Adina wo ìyàwó ọmọ rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, níbi tó ti ń ṣí àkàrà lójú epo. Ó wo ọwọ́ tirẹ̀, tí ọṣẹ ti jẹ láti ìgbà tí Vasbert kò tíì lè rìn. "Ìdí tí mi ò fi fẹ́ kó o ṣe é nìyẹn," ló wí. "Mi ò sọ pé iṣẹ́ náà ò dáa." Ó gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún un ká torí kò gún dáadáa. "Lọ́jọ́ Ajé, màá wá wo ẹ̀rọ yín."

Ó wá lóòótọ́, pẹ̀lú àga tirẹ̀ lórí. Ó gbé e kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà tí aṣọ ń gbà jáde, kò sì gbé e kúrò níbẹ̀ mọ́ títí tó fi darúgbó. Kò sí aṣọ tó lè jáde láìjẹ́ pé ó wò ó. Àwọn ọmọbìnrin tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ bẹ̀rù rẹ̀ ju ọlọ́pàá lọ, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀, torí ó máa ń lé wọn lọ jẹun tí àsìkò bá tó, bí iṣẹ́ bá tilẹ̀ ga tó òrùlé. Fìlà pupa yẹn, ó fi ìṣó kàn án mọ́ ògiri, ó ní kí ó máa wo ohun tó ṣe.

Òwò náà gbòòrò. Òtẹ́ẹ̀lì Mísìsì Inniss sọ fún òmíràn, òmíràn sọ fún ẹlòmíràn. Àwọn ẹgbẹ́ agbákírikẹ́ẹ̀tì tó bá wá sí erékùṣù náà láti òkèèrè ń kó aṣọ wọn wá síbẹ̀, Vasbert á sì tú wọn wò, á sọ fún Ianthe láti ara àbàwọ́n ṣòkòtò ẹni tó ń sùn lórí pápá nínú wọn àti ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ṣí ilé kejì ní Speightstown. Wọ́n ra ọkọ̀ tí ń kó aṣọ kiri. Ianthe ló ń bá àwọn ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì sọ̀rọ̀. Vasbert kan ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni, ó sì ń sọ ìtàn Jamaica fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́.

Ní ọdún kan, ilé iṣẹ́ rédíò pè é wá sọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò bi í bóyá ó dùn ún pé kò bá ẹgbẹ́ àpapọ̀ ṣeré rí. Half Moon Fort dákẹ́ síwájú rédíò bíi ti àtijọ́. Vasbert ní ó dùn òun. Ó ní fún ọdún bíi mélòó kan, tí wọ́n bá ti fẹ́ ka orúkọ, òun máa ń wá iṣẹ́ ṣe níbi tí ẹ̀rọ ti ń pariwo. "Àmọ́ wọ́n sanwó fún mi láti ṣe nǹkan tí ǹ bá ti ṣe lọ́fẹ̀ẹ́," ló wí, "mo rí yìnyín, mo fẹ́ Ianthe. Ẹni tó bá tún ń sunkún lẹ́yìn ìyẹn, ẹkún ló ń dùn mọ́ ọn." Ọmọkùnrin náà fẹ́ fi ẹ̀rín parí ètò, ló bá bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ń yọ àwọ̀ koríko lára ṣòkòtò funfun. Vasbert ṣàlàyé rẹ̀. Láti ìgbà yẹn títí tí ètò fi parí, tẹlifóònù ilé iṣẹ́ náà kò sinmi. Kò sí ẹnì kan tó béèrè nípa kírikẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan fẹ́ mọ ti epo, ẹnì kan fẹ́ mọ ti wáìnì, àlùfáà kan sì fẹ́ mọ ti àbẹ́là lórí aṣọ pẹpẹ.

Adina ti kú báyìí, ó lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Ó ti fọ aṣọ tí wọ́n máa wọ̀ fún un, ó lọ ọ́, ó ká a sínú àpótí ní ọdún bíi mélòó kan ṣáájú, nítorí kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni nínú ọ̀rọ̀ sítáàṣì. Coralita, ọmọ ẹ̀gbọ́n Ianthe, ló ń bá wọn darí ilé ìfọṣọ méjèèjì. Ianthe ṣì ń lọ láràárọ̀ láti lọ wo bí nǹkan ṣe ń lọ. Vasbert ń fi ọ̀pá rìn, orúnkún kò gbà fún un mọ́, ìyókù ara rẹ̀ sì le koko.

Ṣọ́ọ̀bù Gollop ló máa ń wà láti àárọ̀, lórí àga tí wọn kì í gé irun ẹnikẹ́ni lé. Bọ́ọ̀lù kan tí Gollop mú lẹ́yìn igi nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ ni wọ́n máa ń jà lé lórí. Gollop ní kò kanlẹ̀ kí òun tó mú un. Vasbert ní òun tóun jù ú rí i, ó kanlẹ̀. Gollop á mú àbẹ kúrò lórí èèyàn, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn arúgbó rẹ̀, á fi hàn bó ṣe mú un. Oníbàárà tí ọṣẹ wà lágbọ̀n rẹ̀ á ní òun gba ti Gollop, torí Gollop ló mú àbẹ dání. Vasbert á ní kó fá irùngbọ̀n ẹni ẹlẹ́ni tán, kí ọṣẹ tó gbẹ.